Kì í Ṣe Gbogbo Ìdákẹ́ Ni Ìfọ̀kànbalẹ̀

Láàárín oṣù mẹ́ta péré, mẹ́rin nínú àwọn tí a jọ jáde ní ẹ̀ka yìí ti fi àwòrán ológbò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Orí roboto, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún bí ti ẹni tó fi àkàrà gbígbóná sẹ́nu, irun kúkúrú tó ki bí kápẹ́ẹ̀tì tuntun, àwọ̀ bí eérú, ojú tó pọ́n bí epo. Ìbéèrè tí wọ́n fi tẹ̀ lé àwòrán fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ní kò ní wàhálà? Ọ̀kan nínú wọn ń gbé ní London, ọ̀kan ní Manchester, àwọn méjì tó kù wà ní Èkó.

British Shorthair ni orúkọ ìran ológbò tí wọ́n ń béèrè. Èmi ni wọ́n ń bi nítorí pé ó ti di ọdún kejì báyìí tí èmi àti ọ̀kan nínú wọn ti jọ ń gbé inú ilé kan ní Sheffield. Ìyá àgbàlagbà tí mo háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ín. Mabel ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Olórí Ẹbí ni èmi ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń jókòó tí á máa wo gbogbo wa bí ẹni tó ń dúró kí ẹni tó jẹ̀bi wá kúnlẹ̀. Bí onílé bá rìnrìn àjò, èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mo ń kó ìgbẹ́ rẹ̀, èmi náà ni mo ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Èmi kì í ṣe dókítà o. Yorùbá ni mo kà, ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ló sì wà nídìí ìbéèrè àwọn ọ̀rẹ́ mi tí mo gbà pé ó ń ṣi èèyàn lọ́nà.

Calm ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń polówó ológbò yìí tí ẹ ò ní rí i. Ẹ jẹ́ ká túmọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì ìtumọ̀. Ṣé ká ní ó jẹ́jẹ́? Jẹ́jẹ́ ń sọ nípa ìṣe: bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, pé kì í fo orí àga dé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé ká ní ó dákẹ́? Ìdákẹ́ ń sọ nípa ohùn. Àbí ká ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀? Ìyẹn ń sọ nípa inú, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè wò. Yorùbá pín ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ nítorí pé wọn kì í sábà rìn pọ̀. Ọmọ tí wọ́n mú lọ kí àlejò á jókòó jẹ́jẹ́ lórí àga, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù lè dákẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, kí ó má sì jẹ́ pé ara tù ú. Gẹ̀ẹ́sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rọ̀ kan, ẹni tó ń tà á sì ń fi ọ̀rọ̀ kan náà gba owó mẹ́ta.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: British Shorthair jẹ́jẹ́, mo gbà. Ó dákẹ́, mo gbà. Pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ìyẹn ò sí nínú ìwé tí wọ́n fi tà á fún yín, ẹ̀yin tí ẹ rà á lẹ gbọ́dọ̀ máa wádìí rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti wá, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé ọmọ ààfin ni. Kì í ṣe ọmọ ààfin. Àwọn ológbò òpópónà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni baba ńlá rẹ̀, àwọn tó ń pa eku ní ilé ìṣọ̀, ní abà, ní ibi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́. Kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ baba wọn sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Harrison Weir, ayàwòrán ni, ló gbà pé àwọn ológbò lásán wọ̀nyí yẹ lẹ́ni tí à ń wò. Òun ló ṣètò ìpàtẹ ológbò tó wáyé ní Crystal Palace ní London ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1871, èyí tí ọ̀pọ̀ ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó lórúkọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan akọ àti abo fún ara wọn, tí wọ́n ń kọ ìran sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ National Cat Club sílẹ̀ ní ọdún 1887, Weir ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Nígbà tó yá, ó fi ipò náà sílẹ̀, torí ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń wá ife ẹ̀yẹ ju ìtọ́jú ológbò lọ. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ológbò Páṣíà onírun gígùn gba òde, kò sì sẹ́ni tó tún ń fi bẹ́ẹ̀ wo onírun kúkúrú. Ogun Àgbáyé méjèèjì wá dé. Nígbà tí oúnjẹ ènìyàn gan-an ò tó, ta ni yóò máa sin ológbò fún ìpàtẹ? Ìran náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Kí wọ́n tó lè gbé e dìde, wọ́n ní láti mú un gun àwọn ìran mìíràn, Páṣíà sì wà lára wọn. Níbẹ̀ ni orí roboto àti irun tó ki yẹn ti pọ̀ sí i. Ẹ fi Páṣíà yẹn sọ́kàn, a ṣì máa kàn án níwájú.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Peckham kò tíì wá kí mi rí láti ìgbà tó ti gbọ́ pé ológbò wà nínú ilé. Mi ò bá a jà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn: ológbò tí kò sí níbi tí eku wà, iṣẹ́ òru ló wá ṣe. Ológbò tí wọ́n gbà láyè ni ti ilé ìdáná, tí wọn ò fún lórúkọ, tí wọ́n ń ju orí ẹja sí, nítorí pé bí ológbò ò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé iṣẹ́ kan náà ni baba ńlá Mabel ń ṣe ní London. Ẹni tó ń san owó ilé oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọmọ British Shorthair lónìí, ọmọ-ọmọ apẹku ilé ìṣọ̀ ló ń rà.

Àwọ̀ tó gbajúmọ̀ jù lára wọn ni wọ́n ń pè ní búlúù. Kò sí búlúù kankan níbẹ̀. Eérú ni. Ìyá mi àgbà tó ń pa aró ní Òṣogbo kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àwọ̀ yẹn ní aró láé. Dúdú ni jíìnì kan là, tó wá di eérú, bí aṣọ tí a sá sóòrùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó yá, báwo ni ìgbé ayé pẹ̀lú rẹ̀ ṣe rí? Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ya àwọn tó rà á lẹ́nu ni pé kì í fẹ́ kí wọ́n gbé òun. Ẹ ti rí àwòrán, ó rí bí ìrọ̀rí, ẹ fẹ́ gbé e mọ́ra bí ọmọ. Á jẹ́ kí ẹ gbé e, ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Kò ní ya yín léékánná. Ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé ara rẹ̀ le gbagidi, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú, ó ń wá ilẹ̀. Òun fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀. Orí itan náà kì í ṣe ibi ìjókòó rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yín ló fẹ́ jókòó sí, níbi tí ọwọ́ yín ò ti ní tó o bí kò bá sún mọ́ yín. Bí ẹ bá dìde lọ sí ilé ìdáná, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, á dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò wá gba nǹkan kan. Ó kàn dé ni.

Èmi kì í fi èyí pe ìgbéraga. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Helsinki kó ìròyìn ológbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000 jọ, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Nínú àwọn ìran tí wọ́n fi wéra, British Shorthair ló ṣeé ṣe jù kí ó má máa wá ìfarakanra pẹ̀lú ènìyàn. Wọ́n tún fi hàn, nínú ìran mẹ́ta mìíràn tí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa, pé nǹkan bí ìdajì nínú ìyàtọ̀ ìwà wọn ló ń ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Èyí túmọ̀ sí pé bó ṣe ń jókòó lọ́ọ̀ọ́kán yẹn kì í ṣe àìfẹ́ràn onílé, kì í sì í ṣe pé wọn ò tọ́ ọ dáadáa. Bí wọ́n ṣe bí i ni. Mo mọ ènìyàn kan tó dá tirẹ̀ padà lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó ní kò fẹ́ràn òun. Mo wo fídíò tó ṣe. Nínú gbogbo rẹ̀, yàrá tí ọkùnrin náà bá wà ni ológbò náà wà.

Àwọn kan á tún sọ pé òpè ni, pé kì í ṣeré. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó dàgbà tán, á tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, akọ sì máa ń pẹ́ jù. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń fẹ́ eré, àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kì í ṣe wákàtí kan. Mabel ti kọjá ọdún méje, síbẹ̀ bí mo bá fa okùn bàtà lórí ilẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, á sáré bí ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́wàá, á gbá a mú, á sì wo apá ibòmíràn bí ẹni pé òun kọ́ ló ṣe é. Ẹni tí kò bá fa okùn náà á rò pé ológbò òun kò fẹ́ eré. Ó kàn ń sanra lọ ni, ọ̀ràn ńlá sì ni sísanra fún ìran yìí, torí oúnjẹ kò tíì bí i nínú rí.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ó mọ̀ yín, ẹ kí i bí a ṣe ń kí àgbà. Ẹ má bẹ́ gìjà dé iwájú rẹ̀. Ẹ rẹ ara yín sílẹ̀, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ na ọwọ́. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sussex fi hàn ní ọdún 2020 pé bí ènìyàn bá rọra pa ojú dé tó sì rọra là á fún ológbò, ológbò náà máa ń ṣe é padà, ó sì ń yá a lára láti sún mọ́ onítọ̀hún. Mo ti ń ṣe é fún Ìyá Olórí Ẹbí láàárọ̀, kí n tó po tíì. Ìkíni ni. Ọmọ Yorùbá kan kò yẹ kó nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí ni ti àìsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń múra ìgbéyàwó mọ̀ pé kí wọ́n tó bá yín mú ọjọ́ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa kọ́kọ́ mú ìwé jẹ́nótáìpù wá. A mọ ìdí rẹ̀, a ti sin àwọn ọmọ tó kọ́ wa. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ológbò yìí. Ẹ̀jẹ̀ ológbò pín sí A, B àti AB. Nínú ológbò lásán, A ló pọ̀ jù. Nínú British Shorthair, àwọn tó ní B pọ̀ ju bí wọ́n ṣe wà lára ìran púpọ̀ lọ. Bí abo tó ní B bá bímọ fún akọ tó ní A, àwọn ọmọ tó bá jogún A á wá sáyé láìní àbùkù kankan. Wọ́n á mu ọmú. Inú omi ọmú àkọ́kọ́ yẹn, tó yẹ kó jẹ́ ààbò wọn, ni ohun tó ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ wà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n lè kú tán. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ló lè dènà rẹ̀, kí wọ́n tó mú akọ gun abo. Ẹni tó ń sin ológbò tà, tí kò mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ìyá ní, kò yẹ kí ẹ bá a dúró sọ̀rọ̀ pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní i nílé pàápàá, ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ A fún ológbò tó ní B, ó lè pa á.

Èkejì ni ti kíndìnrín, níbi tí Páṣíà ìjọ́sí ti tún yọjú. Àìsàn kan wà tó ń mú kí àpò omi kéékèèké máa hù nínú kíndìnrín, tí wọ́n á máa tóbi sí i títí kíndìnrín á fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára Páṣíà, ibẹ̀ ló sì gbà dé ara àwọn ìran tí wọ́n mú gùn ún. Bí òbí kan ṣoṣo bá fún ọmọ ní jíìnì náà, ó ti tó. Ìròyìn ayọ̀ ni pé ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California tó wà ní Davis rí ibi tí jíìnì náà ti bàjẹ́, àyẹ̀wò rẹ̀ sì ti di ohun tí a ń fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ológbò ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì ń ta ọmọ tó ní i lónìí, ó yàn án ni.

Ẹ̀kẹta ni ọkàn. Ọkàn tí a ní ó balẹ̀ yìí gan-an. Iṣan ọkàn ológbò á bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn, àyè tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kún un á máa dín kù. Kò ní wúkọ́. Kò ní ké. Díẹ̀díẹ̀ ni á máa sùn sí i, ta ni yóò sì kíyè sí i lára ológbò tí wọ́n rà torí pé kì í ṣe wàhálà? Lára àwọn mìíràn, ẹ̀jẹ̀ á dì sínú ọkàn, á ṣàn lọ dí òpójẹ̀ tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ológbò tó jẹun alẹ́ dáadáa á wá máa fà lórí ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Àwọn mìíràn á kàn ṣubú lulẹ̀. Ní Denmark, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn British Shorthair tó lé ní 300, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2011: nǹkan bí 8 nínú 100 ló ní àìsàn náà, ṣùgbọ́n lára akọ nìkan, ó tó ẹyọ kan nínú márùn-ún. Àyẹ̀wò jíìnì tó wà fún Maine Coon àti Ragdoll kò wúlò fún ìran yìí. Àfi kí dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn fi ẹ̀rọ wò ó, kí wọ́n sì tún un wò lẹ́yìn ọdún díẹ̀, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá lónìí lè má rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sí i.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi níbi tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ dé yìí pé, ó dáa, kí gbogbo wa kúkú fi ológbò oníwèé sílẹ̀, ká lọ mú èyí tó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn ẹran tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, inú mi á dùn. Síbẹ̀, mi ò gbà pé ìwé ìran kò wúlò. Ó wúlò, àmọ́ kì í ṣe fún ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Kì í ṣe oríkì. Ìwé àyẹ̀wò ni. Níwọ̀n ìgbà tí a mọ bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀, a lè béèrè bí ọkàn wọn ṣe rí. Ìwé ìran tí kò ní àbájáde àyẹ̀wò kankan lẹ́yìn dà bí ìwé ẹ̀rí tí kò ní máàkì: ẹ kàn mọ̀ pé ẹnì kan lọ sílé ẹ̀kọ́ ni.

Ọ̀kan nínú àwòrán mẹ́rin tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi kì í tilẹ̀ ṣe British Shorthair. Etí rẹ̀ ká síwájú. Scottish Fold nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ológbò abà kan tó ń jẹ́ Susie, tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Scotland ní ọdún 1961, ni ìran náà ti ṣẹ̀, British Shorthair sì wà lára àwọn tí wọ́n mú gùn ún. Ohun tó ká etí náà ni pé kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀ kò dàgbà bó ṣe yẹ, etí nìkan kọ́ ló sì ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Oríkèé ẹsẹ̀ àti ìrù náà ní i. Ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ológbò sílẹ̀ ní Britain, GCCF, ti kọ̀ láti máa forúkọ ìran yìí sílẹ̀ láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó ń tà á lórí Instagram á ní ó jẹ́jẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Bí oríkèé bá ń dun ènìyàn, kí ni yóò máa sáré kiri fún?

Fún àwọn méjì tó wà ní Britain, ọ̀nà ti là díẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, òfin ilẹ̀ England kò gba alágbàtà láyè láti ta ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ọwọ́ ẹni tó bí i sílé ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. GCCF ní kí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ 13 kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ológbò tó bá ti pé 20 ọ̀sẹ̀ ní England gbọ́dọ̀ ní máíkíróṣíìpù lára, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ìtanràn lè tó £500. Fún àwọn méjì tó wà ní Èkó, mo sọ tèmi láìfi bò: irun tó ki yìí, òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí kò ní iná tó dúró ṣinṣin kò yẹ kó gbé e sínú yàrá òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ní oṣù Kẹta. Kí ó sì kọ́kọ́ wá dókítà ẹranko tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọkàn, kó tó wá ológbò. Ọ̀kan bínú sí mi. Èkejì lọ mú ọmọ ológbò ìta kan ní Ògùdù, ó sọ ọ́ ní Àdùkẹ́.

Báwo la ṣe ń ka ẹni tí kò sọ̀rọ̀? Ojú rẹ̀ la ń kà. Ní Yunifásítì Montréal, wọ́n ṣe òṣùwọ̀n kan ní ọdún 2019 tí wọ́n ń pè ní Feline Grimace Scale. Ohun márùn-ún ni a ń wò: etí, ojú, ẹnu, irun gbọọrọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu, àti ibi tí ó gbé orí sí. Bí etí bá ya síra tó sì yí síta, bí ojú bá ń fún pọ̀, bí ẹnu bá le, bí irun náà bá na gbọnrangandan síwájú, bí orí bá rẹlẹ̀ ju èjìká lọ, ìrora wà níbẹ̀. Mo tẹ àwòrán rẹ̀ sí ara fíríìjì. Onílé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ Mabel. Oṣù kan lẹ́yìn náà, òun ló pè mí sí pálọ̀ pé kí n wá wo etí rẹ̀ kí n fi wé tara fíríìjì. Eyín kan ló ń dùn ún. Kò tíì fi oúnjẹ kankan sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Manchester ti ra tirẹ̀ kí ó tó bi mí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Akọ ni, ọmọ ọdún mẹ́rin, lọ́wọ́ ẹni tó ti ń fi ṣe àtọ̀ tó wá fẹ́ sinmi rẹ̀. Mi ò bá a wí. Mo ní kó ra òṣùwọ̀n kékeré, kí ó máa wọn ológbò náà nínú àpótí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kó yọ ti àpótí kúrò, kí ó sì máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí tó rò pé ó fi sùn. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi, ó ní ṣé ọjà ni òun ń tà ni, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, kílò 6.3, 6.3, 6.2, 6.3. Àìkú tó kọjá, 5.9. Ó ní ológbò náà ò yí padà o, pé ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó jẹ́jẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní kó pe dókítà. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá ààbọ̀, ni wọ́n fún wọn.